Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Èmi ni mo kọ ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi. Mo ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé gbogbo ọ̀nà tí mo gbà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń wá ibi tí n ó fara pamọ́ sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyẹ́ tó mú lọ́dún náà, ó dà bíi pé ọyẹ́ ló jẹ̀bi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá, ó dà bíi pé sájẹ́ǹtì ló jẹ̀bi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣíwájú: èmi ni mo kọ ọ́, ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe ju bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Agbo ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá ọmọ náà, tó kú lọ́dún yẹn, jẹ́ àbúrò bàbá mi. Igbá ni wọ́n ń fín. Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ̀bẹ wọn lára igbá, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí eku tó ń jẹ àgbàdo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó wọn. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ọ̀kan ṣoṣo ló yè, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bùọ̀dá ló ń pè mí, èmi náà sì ń pè é ní àbúrò mi, bí a ṣe ń ṣe nílé wa láìbèèrè ikùn tó bí ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ọmọ yìí ń kọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ fi í fún ọkùnrin kan tó ti ní ìyàwó méjì. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, ó di ẹkún, wọ́n ní kò ní lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, létí kànga, níwájú àwọn ìyàwó ilé tó ń fa omi, inú bí i débi pé ó ní ọmọ tí kò ní òbí sàn ju òun lọ. Gbogbo ọmọ ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ti sọ èyí tó burú jù ú lọ nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ bọ́ sétí ènìyàn, àwọn òbí rẹ̀ sì kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí po.

Ní àkókò yẹn mo ti ṣe tán ní ilé ìwé girama, mo ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ń dúró de èsì ìwé tí mo kọ sí ìjọba pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́: ẹni tó ń rò lójoojúmọ́ pé ojú kan wà níbì kan tó ń wo òun, tó ń wò bóyá òun yẹ.

Họlidé Kérésì ni mo wá lò nílé. Ètè gbogbo wa ló là nítorí ọyẹ́. Àyà ń dun bàbá àbúrò mi, wọ́n ń wúkọ́ bí ẹni tó ń fa ayùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ki àkísà bọ ojú fèrèsé yàrá kí eruku má baà wọlé. Nígbà tí wọ́n jẹun alẹ́ tán, wọ́n ní kí ọmọ wọn kó iná sínú àdògán, ìkòkò amọ̀ tí a fi ń dáná, kí ó gbé e wọ yàrá kí ara wọn lè móoru. Èédú ló kó sí i, kò fi igi, nítorí pé igi á rú èéfín, èéfín á sì bá ikọ́ bàbá jà. Ìyá rẹ̀ ní kó fi kún un. Ó fi kún un. Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ sùn sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ilé.

Oòrùn ti yọ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà tí àwọn ọkùnrin já ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì wà lórí ẹní wọn bí ẹni tó ń sùn. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, aṣọ kankan kò jóná. Èédú ti di eérú nínú àdògán. Kò sí ẹni tó wo eérú náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé iná tí a mọ̀ nílé wa, jíjó ló ń jó ènìyàn. Abọ́ oúnjẹ ni gbogbo ojú lọ bá. Wọ́n bèèrè ta ló gbé oúnjẹ fún wọn, ẹnìkan sì rántí ọ̀rọ̀ etí kànga.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan fún àwọn tí kò dàgbà nínú agbo ilé bí tiwa. Bí àgbà bá pe ọmọ, tí ojú àgbà sì le, ọmọ kò ní í dúró gbọ́ ohun tí òun ṣe. Yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n foríji òun. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ni ẹjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ní òun kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló ní: èyí tí wọ́n fi kàn án, àti pé ó bá àgbà jiyàn. Èmi fúnra mi ti bẹ̀bẹ̀ fún ìkòkò tí n kò fọ́ àti fún ewúrẹ́ tí n kò tú sílẹ̀. Mo ti bẹ̀ tán, mo ti gba ìgbátí mi, kí ẹnìkan tó wá sọ pé ewúrẹ́ náà ni ó já okùn fúnra rẹ̀.

Baálé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó sí àárín agboolé. Wọ́n ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Nígbà tó dé, wọ́n ní, "Kúnlẹ̀." Ó kúnlẹ̀. Wọ́n bi í bóyá òun ló gbé oúnjẹ fún àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun ni. Wọ́n bi í bóyá òun ló rí wọn kẹ́yìn, ó ní òun ni.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Ó fi iwájú orí kanlẹ̀. "Ẹ foríjì mí," ó ní. "Ọwọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Àwọn obìnrin figbe ta. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹnu rẹ̀ ti gbé e dé ibi tó ń lọ.

Nígbà tí sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá dé, ó bèèrè ẹni tó mọ̀wé nínú ilé. Òun náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní ìwé òun, ti kíkà ni, kì í ṣe ti kíkọ. Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Wọ́n gbé tábìlì síta, wọ́n gbé àga, mo jókòó. Ó ní kí n kọ ohun tí ọmọ náà sọ àti ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ pé ó kúnlẹ̀, pé ó ní ọwọ́ òun ni, pé ó tọrọ ìdáríjì. Bí ó bá jẹ́ pé mo dúró síbẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí máa kọ ìtàn yìí lónìí. Ṣùgbọ́n mo máa ń ka ìròyìn ẹjọ́ nínú ìwé ìròyìn, gbólóhùn kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Mo fi í kún un: pé ó ṣe gbogbo èyí láti inú ọkàn ara rẹ̀, láìsí ẹni tó fipá mú un tàbí tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Baálé ní kó kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo kọ gbólóhùn náà nítorí pé ó dùn létí mi.

Sájẹ́ǹtì kà á, ó mi orí. "Tíṣà," ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì yìí le o. Adájọ́ fúnra rẹ̀ á sinmi lágbedeméjì."

Àwọn ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Òkú méjì wà nínú yàrá, wọ́n rẹ́rìn-ín, inú èmi náà sì dùn. Mo fẹ́ sọ èyí bó ṣe rí gan-an: inú mi dùn. Mo fi orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú ọ̀nà ìkọ̀wé tí mo ti ń fi dánra wò láti ilé ìwé. Bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ náà lọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi mú aṣọ ìbora mi." Mo ń ka ìwé mi lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òtútù ọyẹ́ ni wọ́n mú un lọ sí.

Wọ́n fi lọ́rì gbé àwọn òkú náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ilé ìwòsàn tí dókítà òyìnbó wà, kí ó yẹ̀ wọ́n wò. Èmi náà padà síbẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Mo gbà nígbà náà pé ó pa wọ́n. Mo gbà á pátápátá, mo sì ń káàánú ara mi pé irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa ní àkókò tí mo ń dúró de èsì láti ọ̀dọ̀ ìjọba.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkùnrin kan tó ń gbé yàrá tó kàn mí, tó ń di egbò ní ilé ìwòsàn náà, wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń jẹun. Ó ní dókítà ti wádìí òkú àwọn ará Ọ̀yọ́ yẹn. Kò sí májèlé kankan níkùn wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló pọ́n ju bó ṣe yẹ, pé atẹ́gùn èédú ló pa wọ́n nínú yàrá tí wọ́n dí ojú rẹ̀, pé ní ìlú dókítà náà, ó máa ń pa ènìyàn nígbà òtútù, tí kò ní rú èéfín, tí kò ní rùn.

Mo dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ata ló pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n á dá a sílẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú májísíréètì, amòfin ìjọba gbà pé atẹ́gùn èédú ni. Ó wá bèèrè ta ló gbé èédú wọlé. Ó bèèrè ìdí tí ọmọ náà fi yan èédú, tí kò yan igi tí èéfín rẹ̀ ì bá jí ẹni tó ń sùn. Ó bèèrè ta ló fa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà ó ka ìwé mi. Gbogbo ẹjọ́ náà wá dúró lé ìwé mi, nítorí pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ láti inú ọkàn ara rẹ̀, láìsí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, mọ ohun tí èédú lè ṣe. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù ńlá. Àwọn kan ní wọn kì í yẹgi fún ọmọdé. Àwọn mìíràn ní kò sí ìwé ọjọ́ ìbí kankan tí a lè fi hàn pé ọmọdé ni.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. N kò ní sọ pé n kò mọ̀. Kí n gba Ọ̀yọ́ lọ, kí n sọ fún wọn pé Baálé ló ní kó kúnlẹ̀, pé gbólóhùn yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí i. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ti èmi náà mọ́lé, ìjọba á sì gbọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìsí èmi níbẹ̀. Oríṣi ìtìjú méjì ló wà, mo sì ti fi ẹnu tọ́ méjèèjì wò. Ọ̀kan máa ń gbóná lójú ènìyàn, ó sì máa ń lọ. Èkejì kì í gbóná. Ó kàn máa ń bá ọ jókòó, ó ń bá ọ jẹun, tí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó wà lẹ́yìn kíláàsì.

Ìyá ìyá ọmọ náà ń ta òrí ní Ọjà Igbó. Obìnrin àgbà ni, ìjọ Aláàdúrà ló ń lọ, ó sì ti bọ́ bàtà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò ní wọ bàtà títí ọmọ náà á fi jáde. Gbogbo Ọjọ́rú, bó bá ti ìsìn dé, ó máa ń yà sí yàrá mi nínú aṣọ funfun rẹ̀. Èmi ni ará Ọ̀yọ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àna rẹ̀ sì ni mí. N ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, yóò ní kí n dìde, kí n dìde, ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ jù lára mi. Yóò wo egungun ọrùn mi.

"Tíṣà, ṣé ṣọ́ọ̀kì lò ń jẹ ni? Àbí àwọn ọmọ ilé ìwé ń bá ọ jẹ oúnjẹ rẹ?"

Lẹ́yìn náà yóò bi mí ohun kan náà tó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: kí ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n kà ní kóòtù? Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ sì ti sáré kọjá lórí rẹ̀. N ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí adájọ́ pé ọmọ dáadáa ni, pé kò lè pa eṣinṣin. Mo kọ ọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yẹn pẹ́." Ó fi òrí tó wé sínú ewé sílẹ̀ fún mi kí n fi pa ara. N kò lè fi pa ara. Mo tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn, ní ewé méje.

Agbẹjọ́rò tí kóòtù yàn fún ọmọ náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin láti Ìbàdàn. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti rí ìyá àgbà, wọ́n sì jọ wá sí yàrá mi nítorí pé ìyá ní èmi ni mo mọ̀wé. Ó tú ìwé kan jáde nínú àpò. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Agbẹjọ́rò kò tíì mọ̀ pé èmi ni olórúkọ náà. Ó ní òun ń wá tíṣà tó kọ nǹkan yìí, nítorí pé bí ọmọ náà bá máa kú, ìwé yìí ni yóò pa á.

Mo lè sọ pé tíṣà náà ti ṣí lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi.

"Èmi ni," mo wí.

Agbẹjọ́rò wo ìyá, ó sì túmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá kò figbe ta. Ó tún gèlè rẹ̀ dì. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe ojú mi, ọwọ́ mi ló ń wò.

"O mọ̀ ọ́n kọ," ó ní.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ìdọ̀bálẹ̀ mi ti tó òun. Ó ní, "Ṣé wàá lọ sọ ọ́ níwájú wọn?" Mo ní n ó lọ. Ó bọ́ síta láìwọ bàtà, òjò sì ń rọ̀. Mo rò pé bí ó bá ti gbá mi létí, ìbá ti dára fún mi, mo sì mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí kò fi gbá mi.

Kóòtù kún ní Ọ̀yọ́. Dókítà òyìnbó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣàlàyé bí èédú ṣe ń pa ènìyàn, ó sì ní òun kò tíì pàdé ará ìlú kan tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Baálé wa tẹ̀ lé e. Agbẹjọ́rò wa bi wọ́n bóyá àwọn ló ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Ṣé ó yẹ kó dúró ni?" ni ìdáhùn wọn.

Adájọ́, òyìnbó arúgbó kan, fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ sí i. Ó gba ẹnu ògbufọ̀ bèèrè pé bí òun bá ní Baálé jí fìlà òun, tí Baálé kò sì jí i, ṣé Baálé á bẹ òun? Bàbá wo adájọ́, wọ́n wo ògbufọ̀.

"Bá mi bi í bóyá ó dàgbà jù mí lọ."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ó bá dàgbà ju àwọn lọ, àwọn á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná, lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á jọ wá fìlà.

Lẹ́yìn wọn ni wọ́n pè mí. Mo di igi àpótí ẹlẹ́rìí mú. Àbúrò mi jókòó láàárín ọlọ́pàá méjì, ó ti rù, wọ́n ti gé irun rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́ nígbà tí Baálé ní kó kúnlẹ̀. Mo ní gbólóhùn tó wà nínú ìwé náà, nínú ìwé ìròyìn ni mo ti rí i, kì í ṣe lẹ́nu ọmọ náà. Mo ní ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán ni, àṣà ilé wa ni, kò ní ìtumọ̀ kankan, gbogbo wa ló ń bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ìyẹn kíkan, mo tún un sọ, nítorí pé mo rí i pé adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Amòfin ìjọba dìde. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbà tí mo kọ ìwé ni mo purọ́, tàbí ìsinsìnyí. Mo ní ìgbà tí mo kọ ọ́ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dáhùn, mo rò pé yóò parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kí ẹni tó ń jẹ́jọ́ lè gbọ́. Ògbufọ̀ ní ohùn tó dún bí agogo. "Ó ní ìgbà tí òun kọ ọ́ ni òun purọ́." Àwọn tó dúró sójú fèrèsé sọ ọ́ fún àwọn tó wà níta, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Adájọ́ bá mi wí níwájú gbogbo wọn. N kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo kàn rántí pé kò gbé ohùn sókè.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyá àgbà mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kò jẹ́ kó tẹ ilé wa. Kò sí ẹni tó ti èmi mọ́lé. Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìjọba dé pé wọ́n ti fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo ń wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ẹjọ́ náà. Wọn kò mẹ́nu bà á. Ohun tí mo torí rẹ̀ pa ẹnu mọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi rárá.

Kí n tó lọ sí Ìbàdàn, mo lọ dágbére fún wọn ní Ọjà Igbó. Ìyá àgbà wọ bàtà. Ó dá ìkíni mi lóhùn, ó ní òun fẹ́ lọ ra àkàrà fún mi, kí n má baà fi ebi wọ mọ́tò, ó sì fi èmi àti àbúrò mi sílẹ̀ nídìí ọjà. Ọmọ náà ń bu òrí jáde láti inú igbá ńlá, ó ń wé e sínú ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un bí ó ṣe dùn mí tó, bí n kò ṣe lè sùn, mo ṣàlàyé gbólóhùn inú ìwé ìròyìn, mo ṣàlàyé aṣọ ìbora tí n kò mú fún un. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Bùọ̀dá," ó ní, "ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ohun tó gbà á sílẹ̀ nìyẹn.

"Kì í ṣe ẹnu lásán." Kò wò mí. "Èmi ni mo gbé iná wọlé. Èmi ni mo fa ilẹ̀kùn dé. Ìyá mi àti bàbá mi ni mò ń bẹ̀. N kò bẹ Baálé, n kò bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín."

Mo fẹ́ sọ pé kò mọ̀, pé kò sí ẹni tó mọ̀, pé dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ìyẹn ní kóòtù, ní èdè méjì. Mo wá rí i pé nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ mo ti sọ ọ́ di ti apànìyàn, nígbà tí mo sì wá tún un ṣe mo sọ ọ́ di asán, àti pé lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo dúró níwájú ènìyàn, tí mo ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti sọ ọ́ fún mi. N kò bi í léèrè rí. Mo wá bi í ní ohun kan, n kò mọ ìdí tí mo fi bi í, bóyá nítorí pé n kò lè dúró lásán.

"Ṣé àwọn méjèèjì ti dá ọ lóhùn?"

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì bínú.

"Rárá," ó ní. "Wọn ò tíì dá mi lóhùn."

Obìnrin kan dúró, ó ń bèèrè èló ni òrí. Àbúrò mi nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ó dá a lóhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.